Fáànù Rédíétọ̀ Tí Kò Yí: Ẹ Wá Ibi Tí Ẹ̀bi Wà Kí Ẹ Tó Ní Kí Wọ́n Dáírẹ́ẹ̀tì Ẹ̀

Bí géèjì ooru ọkọ̀ yín bá ń gòkè ní Takie nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé, tó sì padà sí àyè rẹ̀ kété tí ẹ bá já sí ọ̀nà Ìlọrin tí atẹ́gùn ń wọ iwájú ọkọ̀, fáànù rédíétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lórí eré, atẹ́gùn tó ń gba iwájú wọlé tó láti mú omi inú rédíétọ̀ tutù. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni iṣẹ́ fáànù bẹ̀rẹ̀. AC tó ń fẹ́ ooru nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó sì ń tutù nígbà tó bá ń lọ, ẹ̀bi kan náà ló sábà máa ń jẹ́, nítorí fáànù yìí ló ń fa atẹ́gùn gba inú kọ́ńdẹ́ńsà AC (rédíétọ̀ AC tó wà níwájú ti ọkọ̀) pẹ̀lú.

Òdìkejì rẹ̀ wà. Ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àmọ́ tó ń gbóná tí ẹ bá ń sáré lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ má dá fáànù lẹ́bi. Rédíétọ̀ tó ti dí, tàmósítáàtì (ẹnu ọ̀nà tó ń ṣí fún omi nígbà tó bá gbóná) tí kò ṣí dáadáa, pọ́ǹpù omi tó ti jẹ, tàbí top gasket (ohun tó dí àárín orí àti ara ẹ́ńjìnì) ni kí ẹ bi mẹkáníìkì léèrè.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, kí ọ̀pọ̀ réwáyà tó wo ohunkóhun, ohun tí wọ́n á sọ ni, "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká kúkú dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ẹ ó máa fi bọ́tìnì tàn án." Wọ́n á fa wáyà láti orí bátìrì, fáànù á yí, ẹ ó sanwó, ẹ ó lọ. Àmọ́ ohun tó bàjẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Fáànù ni ẹni ìkẹyìn tí iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iná ń kúrò lórí bátìrì, ó ń gba inú fíùsì, ó ń gba inú rílè (bọ́tìnì tí iná kékeré ń fà kí iná ńlá lè kọjá), kó tó dé mọ́tò fáànù, kó sì gba ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ara irin ọkọ̀, padà sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Rílè fúnra rẹ̀ kì í dá ṣe é: sẹ́ńsọ̀ ló ń ròyìn bí omi ṣe gbóná tó, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń pàṣẹ. Èyíkéyìí nínú wọn lè já ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá tọ̀ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ kì í ra fáànù tí kò nílò.

Kí ọwọ́ tó wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná, ẹnikẹ́ni tó wù kó sọ pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ dì í mú. Omi ń hó ní dígírì 100, ṣùgbọ́n ìdérí yẹn ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kó lè gbóná kọjá bẹ́ẹ̀ láì hó. Lọ́gán tí ẹ bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú àti àyà yín ló máa tú sí. Ẹ dúró títí ẹ ó fi lè di hóòsì òkè mú tí kò ní jó yín.

Èkejì, lára àwọn ọkọ̀ kan, fáànù lè ṣàdédé yí lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnì. Ẹ tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì kí ẹ tó ki ìka bọ àárín abẹ rẹ̀. Ẹni tó wọ bùbá alápá gbọọrọ, kó ká a. Ìborùn, kó kúrò lọ́rùn.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò kò pọ̀: mítà olówó pọ́ọ́kú, gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ tí wọ́n lẹ wáyà méjì mọ́, àti wáyà méjì tó nípọn tí ẹ fi fíùsì 30 (ìyẹn áńpù 30) sí àárín ọ̀kan nínú wọn. Fíùsì àárín wáyà yẹn kì í ṣe àṣejù. Òun ni kò ní jẹ́ kí wáyà jóná mọ́ yín lọ́wọ́ bó bá ṣèèṣì kan ara irin.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kó rì sínú omi á wà nínú òfìfo, kò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ti ń jó, kò sì ní pe fáànù. Ẹ́ńjìnì á gbóná, fáànù á dúró, ẹ ó sì rò pé fáànù ló kú, nígbà tó jẹ́ pé hóòsì ló ń jò. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù pátápátá, ẹ ṣí ìdérí, ẹ rí i pé omi kún dé ẹnu. Kúláǹtì tí wọ́n pò mọ́ omi tó mọ́ ló dára jù; omi bọhòó nìkan máa ń fi èérí funfun sílẹ̀ nínú ihò rédíétọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ sítátì ọkọ̀ kí ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan hóòsì òkè àti hóòsì ìsàlẹ̀. Bí géèjì bá ti ga, tí ti òkè gbóná gan-an, tí ti ìsàlẹ̀ sì tutù bí ẹni pé ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá, omi kò yí po nìyẹn: tàmósítáàtì tó há, rédíétọ̀ tó dí, tàbí pọ́ǹpù. Lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí sẹ́ńsọ̀ fáànù wọn wà nísàlẹ̀ rédíétọ̀, omi gbígbóná kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, báwo ló ṣe máa pe fáànù? Ẹ tún ìyẹn ṣe ná.

Ojú àti ọwọ́

Pẹ̀lú orí bátìrì ní títú, ẹ fi ìka yí abẹ fáànù. Ó yẹ kó yí wẹ́rẹ́, kó sì yí díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Bó bá le, tó ń ha, tàbí tó ń mì lọ mì bọ̀, bọ́ọ̀ṣì inú mọ́tò ti jẹ tán. Mọ́tò bẹ́ẹ̀ á máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló sábà máa ń jó fíùsì léraléra. Ẹ wò bóyá ọ̀rá ọjà wé mọ́ ọn, tàbí abẹ kan ti já. Ẹ wo àárín kọ́ńdẹ́ńsà àti rédíétọ̀ náà. Lásìkò ọyẹ́, eruku àti ewé gbígbẹ máa ń di pádì síbẹ̀, fáànù tó dára kò sì lè fa atẹ́gùn gba inú ògiri.

AC máa ń tètè jẹ́rìí

Ẹ dá orí bátìrì padà, ẹ sítátì ọkọ̀, ẹ tan AC sí òtútù tó pọ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó kéré tán fáànù kan gbọ́dọ̀ yí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bí fáànù bá yí pẹ̀lú AC, àmọ́ tí kì í yí nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, mọ́tò rẹ̀ dára. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ríra fáànù, ẹ tààrà lọ sí apá sẹ́ńsọ̀ nísàlẹ̀. Bí kò bá yí rárá, ẹ máa bá mi bọ̀. Ṣùgbọ́n bí gáàsì AC yín bá ti tán, ẹ̀rí yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí AC tí kò ní gáàsì lè má tàn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní pe fáànù.

Fíùsì àti rílè

Àpótí fíùsì fáànù sábà máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ẹ yí ìdérí rẹ̀ padà: wọ́n ya àwòrán sínú rẹ̀ tó ń sọ èwo ni èwo. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ FAN sí. Lára àwọn Toyota, ẹ lè rí CDS FAN àti RDI FAN, ti kọ́ńdẹ́ńsà àti ti rédíétọ̀. Fíùsì yìí máa ń tóbi, 30 tàbí 40 ló sábà ń jẹ́.

Ẹ má fi ojú nìkan dá a láre. Ẹ so wáyà kan gílóòbù yín mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, kí ẹ fi èkejì kan ẹsẹ̀ fíùsì méjèèjì níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní ON. Bí gílóòbù bá tàn ní ẹsẹ̀ kan tí kò tàn ní èkejì, fíùsì ti já. Ẹ fi ìwọ̀n kan náà rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fi wáyà tàbí bébà fàdákà sìgá dí i, tàbí tó gbé 60 sí àyè 30, ó ti sọ wáyà ọkọ̀ rẹ̀ di fíùsì. Bí tuntun náà bá já kété tó wọlé, ẹ dẹ́kun rírà á: mọ́tò tó há tàbí wáyà tó bó lára tó ń kan irin ni kí ẹ wá.

Rílè ló kàn. Ẹ gbé ìka lé e nígbà tí ẹlòmíràn ń tan AC tó sì ń pa á. Ẹ ó gbọ́ tàbí kí ẹ mọ̀ ọ́n lára pé ó dún kẹ́. Bó bá dún tí fáànù kò yí, àṣẹ ti dé ọ̀dọ̀ rílè, ìṣòro wà láti ẹnu rẹ̀ lọ sí fáànù. Bí kò bá dún, ó lè jẹ́ rílè, ó lè jẹ́ pé àṣẹ kò dé. Ọ̀nà tó rọrùn jù: ẹ yọ rílè mìíràn tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá a mu, bíi ti hòǹ, kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. Fáànù yí? Rílè ni. Owó díẹ̀ ni ẹ ó fi ra òmíràn.

Bí ẹ kò bá rí èyí tó bá a mu, ẹ wo ìdí rílè. Lára èyí tó pọ̀ jù, 85 àti 86 ni ti okùn (coil) tó ń fà á, 30 àti 87 ni ojú ọ̀nà iná. Toyota sábà máa ń kọ 1 àti 2 sí ti okùn, 3 àti 5 sí ojú ọ̀nà iná. Ẹ yọ rílè, kí ẹ fi wáyà tó ní fíùsì so ihò 30 pọ̀ mọ́ 87. Bí fáànù bá yí, gbogbo ohun tó wà láti ibẹ̀ títí dé ẹ́ẹ̀tì fáànù pé. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má so ihò okùn pọ̀ mọ́ iná ńlá o. Ọ̀nà brain box ni ìyẹn.

Mọ́tò fúnra rẹ̀, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò sẹ́ni tó ń wò ó

Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù. Bí wáyà méjì péré ló wà níbẹ̀, ẹ lè fún un ní iná tààrà láti orí bátìrì. Bó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó lè ní ẹ̀rọ ìdarí tirẹ̀ lára, ẹ má dán an wò báyìí.

Fáànù yí dáadáa? Mọ́tò yè. Kò yí? Ẹ fi ìdí sípánà gbá ẹ̀yìn mọ́tò jẹ́jẹ́ nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Bó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí yí, kábọ̀nù tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ó lè gbé yín délé lónìí, kò ní gbé yín lọ sí Ìbàdàn lọ́la. Bí ẹ bá ṣi orí wáyà gbé, pọ́sítíìfù sí àyè nẹ́gẹ́tíìfù, fáànù lè máa yí sẹ́yìn. Àwọn tó ti dáírẹ́ẹ̀tì fáànù máa ń ṣe irú èyí, wọ́n á sì máa ṣe hàà pé fáànù ń yí, ọkọ̀ ń gbóná. Ẹ mú ègé bébà síwájú kọ́ńdẹ́ńsà: fáànù tó ń yí bó ṣe yẹ á fa bébà náà lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ń tì í dànù, ó ń ṣiṣẹ́ lòdì sí ọkọ̀.

Kí ẹ tó dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, ẹ gbé e sún mọ́ ojú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Bó bá ti bàjẹ́, ike tó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ti di àwọ̀ tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kan ṣoṣo, etí rẹ̀ á ti yọ́ wọnú bí ẹnu ọ̀rá tí iná rà. Ẹsẹ̀ irin tó wà nínú ihò yẹn kò ní dán bíi ti èkejì. Á dúdú, á sì ti là sí méjì tí kò fún ohunkóhun mọ́ra. Nígbà mìíràn, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ni ẹ ó rí. Iná ńlá ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ibi tó ti ń fara kan ara rẹ̀ bá ti dẹ̀, ó ń gbóná, bó bá gbóná tán ó tún ń dẹ̀ sí i. Mo ti rí i pé wọ́n pààrọ̀ fáànù lára ọkọ̀ tó jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí nìkan ló ń fẹ́. Ẹ ní kí réwáyà gé e, kó fi òmíràn tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ sí i, kó fi lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ lẹ wáyà rẹ̀ pọ̀. Kó má lọ́ ọ pọ̀ lásán kó fi sẹ́lótéèpù wé e.

Bí mọ́tò bá yè tí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì dára, ẹ wá mọ̀ bóyá iná ń dé ibẹ̀. Pẹ̀lú AC ní títàn, ẹ gbé mítà sí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì: ó yẹ kó sún mọ́ ohun tó wà lórí bátìrì, ìyẹn fóòtì (volt) 13 sí 14 nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ mítà máa ń purọ́. Wáyà tó ti já ku fọ́nrán kan ṣì lè fi 12 hàn lórí mítà, torí mítà kì í bèèrè ju ẹ̀kán iná lọ. Ibẹ̀ ni gílóòbù iná iwájú ti wúlò: ẹ fi sí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Bó bá tàn kedere, ọ̀nà mọ́. Bó bá tàn bàìbàì nígbà tí mítà ń sọ 12, wáyà tàbí ẹ́ẹ̀tì ti jẹ níbì kan. Láti mọ èyí tó jẹ́, ẹ so fáànù padà, kí ó máa yí, kí ẹ fi mítà sáàárín wáyà nẹ́gẹ́tíìfù fáànù àti orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Bó bá ju ìdajì fóòtì lọ dáadáa, ẹ lọ fọ ibi tí wọ́n de ẹ́ẹ̀tì mọ́ ara ọkọ̀, kí ẹ sì dè é le.

Sẹ́ńsọ̀ àti àṣẹ

Ọ̀nà ìdánwò níbí dá lórí ọjọ́ orí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, bíi Corolla àti Camry àwọn ọdún 1990, ní sẹ́ńsọ̀ fáànù tó jẹ́ bí bọ́tìnì. Bí ẹ bá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON, fáànù gbọ́dọ̀ yí. Ti Honda ìgbà náà yàtọ̀: bí ẹ bá yọ ọ́, kò ní yí, ẹ ní láti fi wáyà kékeré so ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀. Bó bá yí nígbà náà tí kì í yí nínú ooru, sẹ́ńsọ̀ ni ẹ ó rà.

Àwọn tuntun sí i, Camry tí a ń pè ní Big Daddy àti Muscle pẹ̀lú, brain box ló ń darí wọn. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ omi nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà brain box á bẹ̀rù pé òun kò mọ ooru mọ́, á tan fáànù fúnra rẹ̀, á sì tan iná check engine. Bí fáànù bá yí, wáyà, rílè àti mọ́tò ló pé, ẹ bojú wo sẹ́ńsọ̀. Kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ irú ẹ̀bi tó wà, á kù sínú brain box. Ẹ ní kí wọ́n nù ún.

Sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí brain box ń sọ, ló ń yanjú èyí láìjanpata. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá láti ọdún 1996 sókè ní ojú ihò tí wọ́n ń ki sikánà bọ̀, OBD2, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, sikánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ sì tó fún un. Kí ẹ tó sítátì ọkọ̀ láàárọ̀, ooru tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ gbọ́dọ̀ bá ti ojú ọjọ́ mu. Bó bá ń sọ pé dígírì 5 ni nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, irọ́ ló ń pa. Nígbà tó bá ti gbóná, ẹ máa ṣọ́ ọ: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fáànù máa ń wọlé láàárín dígírì 93 sí 105. Bó bá kọjá ibẹ̀ tí fáànù kò yí, brain box mọ̀ pé ó gbóná, àṣẹ rẹ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ rílè. Bí ẹ́ńjìnì bá ń jó tí sikánà ń sọ 70, sẹ́ńsọ̀ ni, tàbí kò sí omi níbẹ̀. Kóòdù P0117 àti P0118 jẹ mọ́ sẹ́ńsọ̀ náà. P0480 àti P0481 jẹ mọ́ ọ̀nà àṣẹ fáànù kìíní àti ìkejì. Wọn kì í ṣe ìwé àṣẹ láti lọ ra fáànù.

Géèjì dáṣíbọ́ọ̀dù kò tó ẹ̀rí. Lára àwọn ọkọ̀ kan, sẹ́ńsọ̀ tó ń bá géèjì sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń bá brain box sọ̀rọ̀.

Méjì tó máa ń da orí rú

Àwọn ọkọ̀ kan tó ní fáànù méjì máa ń so wọ́n tẹ̀léra nígbà tí wọ́n bá ń yí lọ́ra: iná gba inú ọ̀kan kó tó dé èkejì. Bí ọ̀kan bá kú, méjèèjì á dúró, títí ooru á fi ga débi tí brain box á fi fún oníkálukú ní iná tirẹ̀. Nítorí náà bí méjèèjì bá dúró, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí bátìrì.

Fáànù tí kì í dúró, láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́: rílè tó lẹ̀ pọ̀, sẹ́ńsọ̀ tó já, tàbí ẹnì kan ti dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kí ẹ tó ra ọkọ̀. Ẹ tọ wáyà rẹ̀ dé ìdí.

Bó bá di dandan láti dáírẹ́ẹ̀tì

Ó lè ṣẹlẹ̀ sí yín lójú ọ̀nà, kí ẹ sì fẹ́ délé. Mi ò bá yín jà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí réwáyà fi rílè àti fíùsì 30 sí i, kó lo wáyà tó nípọn, kó sì mú iná tó ń fa rílè láti ibi tó ń kú tí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́. Wáyà tín-ín-rín tó gba inú bọ́tìnì dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá láìsí fíùsì, iná ló ń wá. Bọ́tìnì tún ní ẹ̀bi mìíràn: ọjọ́ tí ìyàwó tàbí ọmọ yín bá gbé ọkọ̀ náà, ta ni á rán wọn létí?

Bí ooru bá ń gòkè tí kò sí ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí, ẹ pa AC, ẹ tan híítà sí èyí tó le jù, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnì tó ń jó.

Bí ẹ bá fẹ́ ra fáànù

Ẹ gbé ti àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníspéà. Ẹ fi iye abẹ, fífẹ̀ rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ibi tí wọ́n ti ń dè é wé ara wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì yí i níṣojú yín, kí ẹ di ara rẹ̀ mú nígbà tó ń yí: bó bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín tàbí tó ń han gooro, ẹ bèèrè òmíràn. Ẹ gbà á lẹ́nu wọn pé ẹ lè dá a padà, kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà nídìí, ẹ pa AC, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lójú kan kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ máa wo géèjì. Fáànù gbọ́dọ̀ wọlé fúnra rẹ̀, kó mú ooru lọ sílẹ̀, kó sì kú fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ẹ tó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá wọlé tí kò kú mọ́, tí géèjì sì ń rọra gòkè síbẹ̀, fáànù ti ṣe tirẹ̀: rédíétọ̀ ni kí ẹ gbé lọ fún àwọn tó ń fọ̀ ọ́.